Ewúro pa á nínú àwo, ta ló ní yóò pa á nínú ọyàn?

Ìyá mi ń ta ewé àti egbò ní Ọjà Ọba, ní Adó-Èkìtì. Tẹ́lẹ̀, orúkọ àìsàn ni oníbàárà máa ń dá, ìyá mi á sì wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ dáadáa kó tó nawọ́ sí ewé kankan. Nísinsìnyí, fóònù ni wọ́n ń nà sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá láti Ìlawẹ̀. Ó ṣí WhatsApp, ó ní kí n kà á fún màmá: ewúro ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àwọn òyìnbó mọ̀, wọn ò kàn fẹ́ ká gbọ́ ni. Kókó kan ti wà lọ́yàn rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin. Ewúro tí yóò mu fún oṣù mẹ́ta ló wá rà.

Ohun tó dùn mí ni pé kì í ṣe irọ́ pátápátá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ernest Izevbigie, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Jackson State University ní Mississippi, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2003 lórí omi ewúro àti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn, sẹ́ẹ̀lì náà kò sì lè dàgbà bó ṣe yẹ mọ́. Àmọ́ inú àwo kékeré ní yàrá ìwádìí ni, kì í ṣe inú ara èèyàn. Sẹ́ẹ̀lì MCF-7, tí wọ́n sábà máa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, ara obìnrin kan tó jẹ́ sístà ìjọ Àgùdà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un ní nǹkan bí 1970. Obìnrin náà ti kú tipẹ́, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i káàkiri ayé. Tààrà ni wọ́n ń da omi ewé lé e lórí. Kò sí ikùn tó máa kọ́kọ́ dà á, kò sí ẹ̀dọ̀ tó máa tú u palẹ̀, kò sí kíndìnrín tó máa tọ̀ ọ́ dànù. Ẹ da ògógóró lé sẹ́ẹ̀lì yẹn, á kú. Ẹ da omi ọṣẹ dúdú lé e, á tètè kú ni. Iṣẹ́ wà nínú kí nǹkan pa jẹjẹrẹ, kó sì fi aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀. Ata ilẹ̀ pupa náà ń ṣe bẹbẹ nínú àwo, ṣùgbọ́n téèyàn bá gbé e mì, ìwọ̀nba kín-ún ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ń dénú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan á ní mo ti kàwé tán, mo wá ń tẹ́ńbẹ́lú ewé. Ọmọ ẹléwé ni mí o! Owó ewé ni wọ́n fi rán mi lọ kàwé.

Òdòdó kan wà tí ẹ ó rí lẹ́nu ọ̀nà ilé púpọ̀ ní Adó níbí, aláwẹ́ márùn-ún, òmíràn pínńkì, òmíràn funfun. Catharanthus roseus ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Láti Jàmáíkà ni ẹnì kan ti fi ewé rẹ̀ 25 sínú àpòòwé ránṣẹ́ sí dókítà kan ní Kánádà ní 1952, pé àwọn ará ibẹ̀ ń sè é mu fún àtọ̀gbẹ. Àbúrò dókítà náà, Robert Noble, dán an wò lára eku. Kò ran ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ eku ń lọ sílẹ̀ ṣáá. Ẹlòmíì á ní ó ti já sí asán, á sì kó àwo rẹ̀ nílẹ̀. Noble àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Charles Beer, tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ vinblastine ti jáde, vincristine náà wá láti ara ewé kan náà, òun ni wọ́n ṣì fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, níbi tí sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń pọ̀ jù, di òní. Okùn tín-ín-rín kan wà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Oògùn yìí kì í jẹ́ kó rí i hun. Òdìkejì rẹ̀ ni oògùn Taxol, tó wá láti ara èèpo igi kan (ìyá mi á ní ugi) ní Amẹ́ríkà: òun ń so okùn náà le kí ó má lè tú. 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ bó èèpo yẹn. 1992 ni ìjọba ibẹ̀ tó fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Ọgbọ̀n ọdún!

Ẹ wá wo ìwọ̀n o. Vincristine tí àgbàlagbà ń gbà lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju mílígíráàmù 2 lọ. Iyọ̀ tí a fi ìka méjì bù jù ú lọ dáadáa. Síbẹ̀, ó lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kú tipiri. Ta ló mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan?

Èmi náà ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ewé. A ò tiẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan, torí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ móoru bí ara èèyàn tọ̀sán-tòru, iná wa sì nìyẹn. A gún ewé, a sẹ́ ẹ, mo gba máàkì. Ìwé náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbì kan.

Mo bi obìnrin ará Ìlawẹ̀ náà pé, "Àǹtí, ẹ ti fi han dókítà?" Ó ní wọ́n sọ fún òun pé tí abẹ bá ti kàn án, á tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra fi kún un pé owó náà ò sí. Mo ní kókó ọyàn tó pọ̀ jù ni kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, pé ó lè jẹ́ ohun tí kò nílò ewúro tàbí kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ ti ọsibítù, ló ń gba oorun lójú rẹ̀.

Ìyá mi di ìdì ewúro kan ṣoṣo fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, fi èyí sebẹ̀. Tí o bá mú ìwé ọsibítù dé, a ó jọ sọ̀rọ̀ ìyókù." Mo bínú pé ó tún gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tí òun bá lé e, ìsọ̀ kejì ló máa yà sí, wọ́n á sì di ti oṣù mẹ́ta fún un pẹ̀lú àgúnmu lórí.

Mo gba nọ́ńbà rẹ̀. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ń bọ̀.