Résà pupa yẹn, idẹ ni, kì í ṣe wúrà

Ẹni tó bá ń ra résà àtijọ́, àwọn onírin tí a máa ń ki abẹ ojú méjì bọ̀ (irú abẹ tí gbogbo wa mọ̀ sí Nasẹ́ẹ̀tì), yóò ti gbọ́ ọ rí: "Tó bá ti pupa, wúrà ni wọ́n fi bò ó." Ẹni tó ń tà á gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń rà á gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún tó kọjá, mo sì fi ogójì pọ́n-ún kọ́gbọ́n.

Èdè wa gan-an kò gbè wá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Pupa ni wúrà, pupa ni idẹ, pupa ni bàbà, pupa náà ni epo.

Ọjà àárọ̀ Sọ́ńdè ni mo ti rà á, ní London níbí, lórí tábìlì bàbá òyìnbó kan. Gillette ayé ọjọ́un ni, eléyìí tó ṣeé tú sí mẹ́ta: ìdérí, àwo tó ní eyín lábẹ́ ìdérí, àti ọwọ́ tí a ń yí. Ó ń kọ mànà. Bàbá ní wúrà ni, mo dúnàádúrà, mo sanwó, mo gbé e délé bí ẹni gbé ìkókó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ṣú. Ibi tí àtàǹpàkò mi máa ń tẹ̀ ti dà bí àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà n'Íbàdàn. Ohùn ni wọ́n fi dá mi lóhùn: "Fọ́wọ́ pa á dáadáa, kó o wá gbóòórùn ọwọ́ ẹ." Mo gbóòórùn ẹ̀. Ó ń rùn bí owó ẹyọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Wúrà kì í rùn, ọmọ mi."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Idẹ, ìyẹn bàbà tí wọ́n pò mọ́ síńkì, ni wọ́n fi ń ṣe ara résà Gillette láyé ọjọ́un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi nǹkan mìíràn bò ó: níkẹ́ẹ̀lì fún èyí tó pọ̀, fàdákà fún òmíràn, wúrà fún èyí tí wọ́n fẹ́ tà lówó gọbọi. Tí ọgọ́rùn-ún ọdún ọwọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì bá wá kọjá lórí níkẹ́ẹ̀lì, yóò ká kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan á mú Brasso tí ṣọ́jà fi ń dán bọ́tìnnì, á fi ra á títí funfun yòókù á fi tán, idẹ á yọ pupa yòò. Bó ṣe dé orí tábìlì bàbá nìyẹn tó ń jẹ́ wúrà. Mi ò sọ pé bàbá purọ́ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú tí mo fi wò ó lòun náà fi wò ó.

Ẹ tú u palẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wo ibi tí aṣọ ìnu-nǹkan kò lè dé: inú ihò tí ọwọ́ ti ń yí wọlé, abẹ́ ìdérí, ìdí àwọn eyín, àárín àwọn ilà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín sára ọwọ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Tí nǹkan funfun bá fara pamọ́ síbẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, a jẹ́ pé résà níkẹ́ẹ̀lì tàbí ti fàdákà tó ti bó ni. Èyí tó ní wúrà tòótọ́ máa ń ṣe òdìkejì: inú kọ̀rọ̀ ni wúrà rẹ̀ ti máa ń pé, etí àti orí tó ń fara gbá nǹkan ló máa ń kọ́kọ́ bó. Wúrà kì í sì í ṣú. Èyí tó bá ṣú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín oṣù kan ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ fi wúrà bò ó nígbà náà? Ọjà ni. Ní oṣù kọkànlá 1904 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún King C. Gillette, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Gillette sílẹ̀, ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí résà rẹ̀, ọdún 17 sì ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí ní 1921, tí ẹlòmíràn á lè máa ṣe irú ẹ̀, ilé iṣẹ́ náà gbé New Improved jáde, wọ́n ń tà á ní dọ́là márùn-ún sókè, ti wúrà wà nínú ẹ̀. Résà àtijọ́ wọn, tó ti fìgbà kan jẹ́ dọ́là márùn-ún, wọ́n já a wálẹ̀ sí dọ́là kan. Abẹ kan náà ló ń wọ inú àwọn méjèèjì. Irùngbọ̀n ò mọ èyí tó ní wúrà.

Bẹ́ẹ̀ ni wúrà ọ̀hún ò tó nǹkan. Ká gbà pé gbogbo ara résà kan, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, fẹ̀ tó 50 cm², kí wúrà orí rẹ̀ nípọn tó ìdajì máíkírọ́ọ̀nù, tí irun orí kan sì nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, kò pé 0.05 gíráàmù. Àwọn tó ń sọ pé àwọn á yọ́ wúrà rẹ̀ tà, gáàsì tí wọ́n máa fi yọ́ ọ á jẹ owó náà.

Ìgbàgbọ́ kejì tó máa ń tẹ̀ lé àkọ́kọ́ ni pé tí ìbòrí bá ti bó, résà ti bàjẹ́, idẹ á ṣe ara ní jàǹbá. Táàpù tẹ́ ẹ fi ń bu omi fọ ẹnu láàárọ̀ ńkọ́? Idẹ ni ọ̀pọ̀ wọn lábẹ́ ohun tó ń dán yẹn. Ní 2008 ni EPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé bàbà àti àwọn àdàlù rẹ̀, idẹ pẹ̀lú, ń pa kòkòrò àrùn. Èyí tí ara ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ̀ ni níkẹ́ẹ̀lì, ẹ bi ẹni tí yẹtí pọ́ọ́kú ti mú etí rẹ̀ yún rí. Tí idẹ bá yọ àwọ̀ ewé, ọtí kíkan díẹ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ á ṣí i kúrò. Ẹ ṣáà má rẹ ẹ́ mọ́jú, torí ásíìdì máa ń fa síńkì jáde nínú rẹ̀.

Ammonia, kẹ́míkà olóòórùn líle, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, idẹ ọta ìbọn tí wọ́n kó sí ilé ẹṣin máa ń sán fúnra rẹ̀ lásìkò òjò. Ní 1921 ni àwọn tó wádìí rẹ̀ fi ẹjọ́ náà lé ammonia inú ìtọ̀ ẹṣin lórí. Ọwọ́ résà tó jẹ́ páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè sán báyẹn, ilà sísán ò sì ṣeé fi Brasso pa rẹ́. Ilà yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún lọ́jà.

Tèmi ti ṣú pátápátá báyìí, mi ò dán an mọ́, òun ni mo fi fá irùngbọ̀n láàárọ̀ yìí. Mo padà lọ síbi bàbá ní Sọ́ńdè tó kọjá. Ó tún ní "wúrà" mìíràn. Mo tọrọ àyè, mo tú ìdérí rẹ̀, mo fi hàn án: funfun wà nínú ihò ẹ̀. Ó wò ó títí. Pọ́n-ún mẹ́jọ ló gbà lọ́wọ́ mi.