“Pa á rẹ́, ó ti wà ní Google”: ọ̀rọ̀ tó ń jẹ fọ́tò yín

Ẹ̀gbọ́n kan tún ti fi ohùn ránṣẹ́ káàkiri. Ọdún Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Òṣogbo, fídíò arugbá ti kún fóònù kálukú dé ọrùn, fóònù ò gba nǹkan kan mọ́, ni ẹ̀gbọ́n bá ní ká fọkàn balẹ̀: “Ẹ wọ inú Google Photos, ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Google ti bá yín gbé e pamọ́.” Ohùn náà ò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá ṣe ohun tó wí, ìṣẹ́jú méjì náà tó láti gbé fọ́tò ọdún mẹ́ta lọ.

Ó ti sú mi láti máa fẹnu ṣàlàyé ẹ̀, mo wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún gbé ohùn yẹn wá, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i.

Irọ́ méjì ló so pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀kan ni pé gbogbo fọ́tò yín ti dé ọ̀dọ̀ Google. Èkejì ni pé èyí tó dé ọ̀hún ti dá dúró, pé ẹ lè pa ti orí fóònù kí tọ̀hún má mira. Ibi èkejì ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń yára ba nǹkan jẹ́.

Fọ́tò tó wà lórí fóònù àti ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ Google, áàpù Photos ń fi méjèèjì hàn yín bí ẹyọ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá tẹ àmì garawa ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò, ẹyọ kan yẹn lẹ pa. Ó kúrò lórí fóònù, ó kúrò nínú àkántì, ó kúrò lórí tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ àti lápútọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fi àkántì kan náà wọ̀. Áàpù ò sì fi bò yín. Ó máa ń kọ ọ́ síwájú yín pé fọ́tò náà yóò kúrò nínú Google Account àti lórí gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Ta ló ń kà á? Àtàǹpàkò ti tẹ̀ ẹ́ kí ojú tó débẹ̀.

Ohun tó ń gbani díẹ̀ ni Trash, tí àwọn fóònù mìíràn ń pè ní Bin. Ẹ óò rí i lábẹ́ “Collections”. Tí áàpù yín bá ti pẹ́, abẹ́ “Library” ló wà. Fọ́tò tó ti dé ọ̀dọ̀ Google kí ẹ tó pa á yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 60. Èyí tí kò dé ọ̀dọ̀ Google rí, ọjọ́ 30 péré. Ní ọjọ́ kejì, àyè ò tíì ṣí tó, ẹ̀gbọ́n yín kan náà á tún ní kí ẹ tẹ “Empty trash”. Tí ẹ bá ti tẹ ìyẹn, ó parí. Ẹni tó bá ní òun ní ẹ̀rọ tó máa fà á yọ padà láti inú Google, owó yín ló ń wò. Memory card ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, ìyẹn ṣeé gbìyànjú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí àyè ṣí lórí fóònù kí fọ́tò sì wà lọ́dọ̀ Google, ọ̀nà rẹ̀ wà. Ẹ tẹ àwòrán àkántì yín tó wà lókè ní ọwọ́ ọ̀tún nínú áàpù, ẹ yan “Free up space”. Áàpù fúnra rẹ̀ á ṣa èyí tó ti dé ọ̀dọ̀ Google, á pa á lórí fóònù nìkan, á fi èyí tí kò tíì lọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò kan tàbí méjì ni, ẹ ṣí i, ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta (⋮) lókè, ẹ yan “Delete from device”. Ẹ jìnnà sí garawa.

Àwọn kan á ní, “Èmi pa tèmi, ó ṣì wà níbẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni, torí pé “Free up space” lẹ tẹ̀ láìmọ̀, tàbí inú gallery, áàpù àwòrán tó bá fóònù wá, lẹ ti pa á, kì í ṣe inú Photos. Mo gbà pé gallery fóònù kan ò rí bíi ti èkejì, àwọn kan sì wà tó jẹ́ ti orí fóònù nìkan ni wọ́n ń pa. Àmọ́ èwo ni tiyín ń ṣe? Àwọn tó ní “Google kì í pa nǹkan kan rẹ́, wọ́n ń tọ́jú gbogbo ẹ̀”, mi ò ní dá wọn lóhùn.

Ó ku irọ́ kìíní, òun gan-an ni mo ń rí jù lórí fóònù tó ń dé iwájú mi: kò sí nǹkan kan lọ́dọ̀ Google. Backup, ìyẹn gbígbé ẹ̀dà fọ́tò lọ sọ́dọ̀ Google, ò lọ rí.

Bí Photos ṣe máa ń dé látìbẹ̀rẹ̀, orí Wi-Fi nìkan ló ń gbé nǹkan lọ. Ẹ wò ó dáadáa. Láti Òkè-Fíà dé Ọlá-Ìyá, ilé mélòó ló ní Wi-Fi? Dátà orí síìmù la fi ń jẹun. Fóònù á wá jókòó lọ́dún kan, lọ́dún méjì, á máa retí Wi-Fi tí kò ní dé láéláé, ẹni tó ni ín á sì máa sọ fáyé pé Google ń bá òun tọ́jú fọ́tò. Ẹ tẹ àwòrán yín lókè báyìí kí ẹ ka ohun tó kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ “Backup complete”, ẹ kú oríire. Tó bá jẹ́ “Waiting for Wi-Fi” tàbí “Backup is off”, orí fóònù yín nìkan ni fọ́tò tí kò tíì lọ wà, tí fóònù bá bọ́ somi, ó bá fóònù lọ.

Ẹ sì lè yí i padà. Ẹ wọ “Photos settings”, kí ẹ wọ “Backup”, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ mobile data sí. Á bi yín pé dátà mélòó ni òun lè lò lójúmọ́, irú bíi 5MB, 10MB, 30MB, tàbí “Unlimited”. Ibí làwọn tó ń ṣọ́ dátà jẹ ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á mú 10MB, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é. Fọ́tò kan láti inú kámẹ́rà fóònù ìsinsìnyí lè tó 4MB. Fọ́tò 2,000 jẹ́ 8,000MB. Ẹ fi 10MB pín in: ọjọ́ 800 ni, ó lé ní ọdún méjì, ìyẹn tí ẹ ò bá tún ya ẹyọ kan sí i láàárín ìgbà náà. Fídíò ńkọ́? Ìṣẹ́jú kan ní 1080p lè tó 130MB. Ọ̀nà tó dáa ni pé kí ẹ ra dátà tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹ rí Wi-Fi ọ̀rẹ́ kan, kí ẹ ki fóònù bọ iná, kí ẹ ṣí áàpù sílẹ̀ lójú ẹ̀ títí á fi parí. Ẹ pa “Battery saver” ná. Àwọn fóònù mìíràn máa ń pa áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn lójijì, backup á dúró ní ìdajì, kò sì ní pariwo.

Ti fóldà tún wà níbẹ̀. Tí ẹ bá tan Backup, kámẹ́rà nìkan ló ń gbé. Àwòrán orí WhatsApp, screenshot, èyí tí wọ́n fi Bluetooth ránṣẹ́, kò sí èyí tó ń lọ nínú wọn. Ẹ wo ìyá aládìrẹ kan. Lórí WhatsApp ni àwọn oníbàárà ti ń fi bátànì ránṣẹ́ sí i, ibẹ̀ náà ni ọmọ tó ń bá a rẹ aró ti ń fi aṣọ tó ti gbẹ hàn án. 600 àwòrán, gbogbo ìwé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, nínú fóldà WhatsApp Images. Fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tó yà fúnra rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ Google, bátànì ò lọ. Kí ó padà sí “Backup”, kí ó yan “Back up device folders”, kí ó tan WhatsApp Images. Kó mọ̀ pé gbogbo àwòrán “Ẹ káàárọ̀, ọ̀sẹ̀ ire” tí àwọn mọ̀lẹ́bí ń fi ránṣẹ́ á bá a wọlé o. Kó kọ́kọ́ gbá ìyẹn dànù.

Torí pé àyè ní òpin. Ẹni tó bá ń sọ pé Google ò ní òpin ṣì wà ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2021. Nígbà tí Photos jáde ní 2015, lóòótọ́ ni wọ́n gba fọ́tò láìlópin tí ẹ bá gbà kí wọ́n fún un pọ̀ díẹ̀. Láti June 1, 2021, gbogbo èyí tó bá wọlé ni wọ́n ń kà mọ́ 15GB, 15GB kan náà tí Gmail àti Drive, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Google, ń jẹ nínú rẹ̀. Láti 2024, backup WhatsApp lórí Android náà ti bọ́ sínú ìkòkò kan náà. Tó bá kún, Photos á dáwọ́ dúró, Gmail ò sì ní gba létà mọ́. Ẹni tó ń retí létà iṣẹ́ á kàn máa wo inbox tó dákẹ́. Ẹ yan “Storage saver” nínú “Backup quality”: fọ́tò tó bá ju 16MP (megapixel) lọ ló ń fún di 16MP, fídíò di 1080p. 16MP ṣì tó tẹ̀ jáde ní ínṣì 24 sí 16, kí ni ẹ tún ń wá?

Ẹ wo àkántì náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó ta fóònù fún wọn ló bá wọn ṣí Gmail, òun nìkan ló mọ password, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbàgbé. Wọ́n ra fóònù tuntun, wọ́n ṣí Gmail mìíràn, fọ́tò àtijọ́ wá wà nínú àkántì tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀. Láti December 2023, àkántì tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn fún ọdún méjì, Google lè pa á rẹ́ tòun ti ohun gbogbo inú rẹ̀. Ẹ lọ sí myaccount.google.com, ẹ wọ “Security”, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín síbẹ̀ kí ẹ lè fi gba àkántì padà. Nọ́ńbà tí ẹ ti pa tì, ilé iṣẹ́ síìmù lè ti gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀rí tó parí gbogbo àríyànjiyàn: ẹ gba lápútọ́ọ̀pù ẹnìkan, ẹ ṣí Incognito, ojú ìwé tí kì í rántí ẹni tó wọlé, nínú Chrome, ẹ wọ photos.google.com, ẹ fi àkántì yín wọlé. Ohun tí ẹ rí níbẹ̀ ni Google ní. Tí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, kò sí lọ́dọ̀ wọn, ohun yòówù kí ẹ̀gbọ́n sọ.

Ẹni tó bá ní fọ́tò tí kò fẹ́ fi ṣeré, kó ṣe ẹ̀dà síta. Ẹ lọ sí takeout.google.com, ibi tí Google ti ń jẹ́ kí ẹ gbé nǹkan yín jáde, ẹ tẹ “Deselect all”, ẹ mú Google Photos nìkan, ẹ yan 2GB fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, torí fáìlì 50GB tó bá já lójú ọ̀nà nígbà tí iná lọ, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á fi líǹkì ránṣẹ́ sí Gmail yín, ẹ má jẹ́ kó ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ẹ tó gbé e, torí á kú. 15GB lè wá ní fáìlì mẹ́jọ. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó dà wọ́n sórí hard disk. Ẹ óò rí àwọn fáìlì kéékèèké tó parí sí .json nínú wọn. Ẹ má pa wọ́n, ọjọ́ tí ẹ ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ẹ ti yà á ló wà nínú wọn.