Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù, kí ló dé tí ẹnu ọ̀nà yín le tó báyìí?

Inú ń bí mi gan-an ni. Ìgbàkígbà tí mo bá ti sọ pé àwọn áàpù tó ń báni gbé fọ́tò sórí Instagram àti Facebook ti nira jù láti bẹ̀rẹ̀, èsì tí àwọn tí a jọ ń ya ojú áàpù máa ń fún mi ni pé àwọn èèyàn kì í ka ohun tó wà níwájú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí mi kan wà tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n sanwó irú áàpù bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Gbogbo ohun tí wọ́n ń wá ò ju kí wọ́n to fọ́tò aṣọ jọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí áàpù máa gbé e jáde fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀, kí àwọn lè gbájú mọ́ aró àti oníbàárà. Mo jókòó tì wọ́n, mi ò fọwọ́ kan fóònù náà, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni áàpù kọ́kọ́ béèrè. Ó béèrè iye òṣìṣẹ́. Ó ní kí wọ́n pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọlé. Àǹtí mi wojú mi: "Ṣé ọmọ tó ń bá mi sá aṣọ ni kí n pè?" Aago tó sì wà níbẹ̀, aago New York ni. Ká ní a ò tètè rí i ni, fọ́tò tí wọ́n bá ní kó jáde ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ọ̀sán ni ì bá jáde ní Nàìjíríà. Gbogbo èyí, wọn ò tíì rí ibi tí wọ́n ti máa gbé fọ́tò kan ṣoṣo sí o!

Ìgbà tó wá kan Instagram, áàpù gbé wọn lọ sí Facebook, Facebook kó àṣẹ rẹpẹtẹ síwájú wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ, wọ́n padà dé, ohun tí wọ́n bá ni: "Nǹkan kan ò lọ déédéé. Ẹ tún gbìyànjú." Wọ́n tún gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n ń bi mí bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Instagram tí wọ́n ń lò, ti ara ẹni ni, Instagram kì í sì í gba áàpù kankan láyè láti gbé nǹkan jáde lórí akáǹtì ti ara ẹni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Professional, ìyẹn akáǹtì àwọn tó ń fi Instagram ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́. Ó tó ọdún mélòó kan tó jẹ́ pé èèyàn tún gbọ́dọ̀ so ó mọ́ pèéjì Facebook, títí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, fi ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024, tí èèyàn lè gba inú Instagram fúnra rẹ̀ wọlé láìní pèéjì kankan. Áàpù tí àǹtí mi sanwó fún, ọ̀nà àtijọ́ ló ṣì ń gbà.

Ta ló yẹ kó mọ gbogbo èyí? Ṣé ẹni tó ń pa aṣọ láró ni, àbí ẹni tó kọ áàpù? Ìbéèrè kan péré ni ì bá kó wọn yọ: "Ṣé Professional ni Instagram yín?" Kí àwòrán bí wọ́n ṣe ń yí i padà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì pẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, iye òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, ìbéèrè tó jẹ́ pé àwọn tó ń polówó áàpù náà nìkan ló wúlò fún.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ tún un yà, fọ́tò ló máa kọ́kọ́ wá. Ẹ gbé e sí i, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ yan ọjọ́, ẹ wo bó ṣe máa rí. Ìgbà yẹn la máa tó sọ pé ó ku kí ẹ so Instagram yín mọ́ ọn, ohun tí ẹ sì máa bá lọ́hùn-ún nìyí.

Àwọn kan á ní Meta ló ni ojú ìwé àṣẹ yẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Mo gbà, àmọ́ a lè sọ fún èèyàn kó tó débẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá sú mi nìyí. Facebook béèrè bóyá àṣẹ tí wọ́n ń fún áàpù náà, orí pèéjì tí wọ́n ní báyìí nìkan ni àbí títí kan èyí tí wọ́n máa ní lọ́jọ́ iwájú. Àǹtí mi dúró. "Èyí tí mi ò tíì ní, kí ló dé tí mo fi máa fún wọn láṣẹ lé e lórí?" Èmi tí mo ń pariwo pé kí gbogbo rẹ̀ kúrú, mi ò rí èsì fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Cambridge Analytica lọ́dún 2018, ilé-iṣẹ́ tó ń bá olóṣèlú ṣiṣẹ́, tó rí ìsọfúnni àwọn èèyàn gbà lórí Facebook nípasẹ̀ áàpù kan tí àwọn kan fún láṣẹ, tí Facebook fúnra rẹ̀ sọ pé ó lè kan èèyàn tó tó mílíọ̀nù 87, a mọ ohun tí àṣẹ tí èèyàn kàn tẹ̀ kọjá lè dá sílẹ̀.

Tí mo bá ní kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀, kíá ni áàpù á ṣiṣẹ́. Tí mo bá ní kí wọ́n yàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fo ọ̀kan á tún bá "nǹkan kan ò lọ déédéé" pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ya irú ojú ìwé yìí rí, èwo lẹ yàn?