Orúkọ ta ni wọ́n fi ra wẹ́bsáìtì yín?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, oníbàárà wa kan tó ń gbé ní Houston pe màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjà Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ wọn. Aṣọ ẹbí ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló fẹ́ mú. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ti fi aṣọ sílẹ̀ ni? Mo ní kí àwọn àbúrò mi ṣí wẹ́bsáìtì yín kí wọ́n wo bátànì tó wù wọ́n, tẹ́tẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀."

Mo gba fóònù, mo ṣí i. Òótọ́ ni. Orúkọ wa ṣì wà lókè, bí a ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá àti lébẹ́ẹ̀lì gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán bọ́ọ̀lù àti owó wúrà ló kún ojú ibẹ̀, ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Màmá mi tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ tẹ́tẹ́ sétí rárá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló fún wọn ní orúkọ wa?"

Àwa fúnra wa ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ dáadáa ló ṣe wẹ́bsáìtì náà fún wa ní 2021. Íméèlì tirẹ̀ ló fi ra domain, káàdì tirẹ̀ ló fi san owó hosting, a sì ka owó rẹ̀ fún un lọ́wọ́. Kò ṣe màgòmágó kankan. Ó kàn rí ọ̀nà lọ sí Kánádà ni, ó yí nọ́ńbà padà, káàdì rẹ̀ kú, gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pé ọjọ́ domain ti fẹ́ pé ń wọ inú íméèlì tí kò ṣí mọ́. Nígbà tí wẹ́bsáìtì kọ́kọ́ kọ̀ tí kò ṣí mọ́ ní oṣù kẹfà, a rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. WhatsApp ni àwọn oníbàárà tó wà nítòsí fi ń rajà, nítorí náà a ò tètè fura.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì yé. Ohun méjì lẹ̀ ń sanwó fún. Hosting ni àyè tí ẹ háyà nínú kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn tọ̀sán-tòru, ibẹ̀ ni àwòrán àti ọ̀rọ̀ yín wà. Domain ni orúkọ, èyí tó ń parí sí .com tàbí .com.ng. Bí a bá fi Ìtòkú wé e, hosting ni ṣọ́ọ̀bù tí a gbà, domain ni pátákó tó wà lókè ẹnu ọ̀nà. Bí lánlọ́ọ̀dù bá yọ yín lẹ́nu, ẹ lè kó lọ sí ìsọ̀ kejì, kí ẹ gbé pátákó yín kọ́ síbẹ̀, àwọn oníbàárà á tún rí yín. Bí pátákó bá wá jẹ́ ti ẹlòmíì ńkọ́?

Bí ọjọ́ orúkọ .com bá pé tí ẹ ò sanwó, ilé iṣẹ́ tí ẹ ti rà á sábà máa ń fún yín ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 30 mìíràn wà tí ẹ ṣì lè rà á padà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á ti ga fíofío. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 yẹn, ó ku ọjọ́ 5, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ gán an. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, wọ́n ń ṣọ́ orúkọ tí ènìyàn ti mọ̀. Ọwọ́ irú wọn ni tiwa bọ́ sí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá bi mí pé ilé iṣẹ́ hosting wo ló dínwó jù, mo máa ń sọ fún un pé ìyẹn ò tíì kàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ṣáájú ni pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn, ṣé mo lè kó ẹrù mi pé pérépéré? Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fi orúkọ yín àti íméèlì yín ra domain. Ẹni tó ń ṣe wẹ́bsáìtì lè jókòó tì yín kó máa tọ́ka ibi tí ẹ ó tẹ̀. Kí íméèlì náà má sì jẹ́ èyí tó ń gba orí domain yẹn fúnra rẹ̀ wọlé, nítorí bí domain bá kú, íméèlì bá a kú nìyẹn, ìkìlọ̀ kò sì ní rí ibi gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ lè san owó .com ti ọdún 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi san ti mẹ́ta.

Ẹ ṣọ́ra fún èènì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń sọ pé bí ẹ bá ra hosting, àwọn á fún yín ní domain lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn èènì bí gbogbo ọmọ ọlọ́jà, àmọ́ ẹ béèrè iye tí wọn á gbà lọ́dún kejì, kí ẹ sì béèrè bóyá wọn á fún yín ní kódù tí ẹ ó fi gbé e lọ sí ibòmíì. Fún .com, òfin ICANN, àjọ tó ń ṣàkóso orúkọ wẹ́bsáìtì lágbàáyé, ni pé bí ẹ bá béèrè kódù yẹn, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ kí wọ́n tó fi lé yín lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé domain tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kì í ṣeé gbé kúrò láàárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́. Èmi kì í ra méjèèjì níbì kan náà mọ́.

Ní ti owó, dọ́là ni kí ẹ fojú sí. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó wọlé, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní báńkì. Nígbà tí CBN tú náírà sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ó ti kọjá 700 kí oṣù tó parí. Hosting tó jẹ́ 60 dọ́là lọ́dún fò láti 27,600 náírà lọ sí ohun tó lé ní 42,000, ẹnikẹ́ni ò sì fi ẹyọ kan kún iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín. Ẹni tó jẹ́ pé náírà ló ń pa, mo rò pé ilé iṣẹ́ tó ń gba náírà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò, àti .com.ng, tó wà lábẹ́ NiRA, àjọ tiwa níbí tó ń bójú tó orúkọ tó ń parí sí .ng. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ní àǹfààní pé bí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn yẹn, bá wà ní Èkó, ọ̀nà kò jìn sí oníbàárà tó wà ní Ìbàdàn tàbí Panṣẹ́kẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí báńkì pàápàá ń ṣe ségesège. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé London àti Houston ni ọ̀pọ̀ owó yín ti ń wá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ní kí n san 25,000 náírà fún SSL, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ka ohun tí oníbàárà ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí wẹ́bsáìtì yín. Láti 2018 ni Chrome ti ń kọ ọ́ síwájú oníbàárà pé ibi tí kò bá ní in kò láàbò, ẹ ò lè wà láìní in. Ṣùgbọ́n àjọ kan wà tó ń jẹ́ Let's Encrypt, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni! Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn, nítorí mo mọ iye bàbá àgbà tó máa san án láìbéèrè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó lórí èyí fún wẹ́bsáìtì ìtajà kékeré, ẹ kó ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Backup, ìyẹn ẹ̀dà wẹ́bsáìtì tí ẹ tọ́jú síbòmíì, òun náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ ní ilé ńlá tí OVHcloud ń kó sáfà sí ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Ilé kan jó kanlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ni o, àwọn oníbàárà kan sì wà tí ohun tí wọ́n tọ́jú kò padà mọ́, torí ẹ̀dà kejì kò sí níbòmíì. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń gba ẹ̀dà gbogbo wẹ́bsáìtì wa sórí fláàṣì, mo tún fi ọ̀kan sí Google Drive. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ bí iná bá wà.

Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí wọn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí ẹ wo ìgbà tí wọ́n máa dáhùn. Ilé iṣẹ́ tí a ń lò báyìí dá mi lóhùn láàárín wákàtí kan. Méjì nínú àwọn tó kù kò tíì dáhùn títí dòní.

Lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára aṣọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lé ní 600. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ alábẹ́rẹ́ mọ̀ pé lẹ́yìn aró, a máa ń fi abẹ tú òwú tí a fi rán an, jẹ́jẹ́, kí aṣọ má baà ya. Abẹ yẹn náà ni màmá mi fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ń tú orúkọ ara wọn kúrò lára aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀wọ́, lálẹ́ òní, ẹ pe ẹni tó ṣe wẹ́bsáìtì yín. Ẹ béèrè íméèlì tó fi ra domain àti ọjọ́ tó máa pé. Bó bá ní, "Ẹ má ṣèyọnu ma, ó wà lọ́wọ́ mi," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi lé yín lọ́wọ́.