Ta ló ní kó yọ òdo kúrò?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán Excel, spreadsheet yìí, níṣẹ́ gan-an? Fáìlì CSV lásán, èyí tó ń fi kọ́mà pín òpó kan sí ìkejì, nọ́ńbà fóònù àwọn kọ́sítọ́mà ló wà nínú ẹ̀, 0803, 0705, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà, kí n kàn ṣí i báyìí, òdo iwájú ti fò lọ! Ṣé òdo jẹ ẹ́ lówó ni? Èyí tó fi 234 bẹ̀rẹ̀ ti di 2.34803E+12, ta ni mo fẹ́ fi ìyẹn pè, áńgẹ́lì? Ti àdírẹ́sì ló tún wá burú jù, "12, Òkè Àdó, Ìbàdàn", torí kọ́mà méjì péré ó já a sí mẹ́ta, Ìbàdàn wá lọ jókòó sábẹ́ ọjọ́ ìbí! Wọ́n rán ẹ níṣẹ́ ẹrú o ò fi tọmọ jẹ́ ẹ, wọn ò tiẹ̀ rán ẹ rárá o ti jẹ́ ẹ tán. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá sá fún un o, nígbà tó fi di 2020 wọ́n ti sọ jíìnì, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, tó ń jẹ́ SEPT1 di SEPTIN1 nítorí Excel tó ń sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ná, jíìnì ara èèyàn! Text, ọ̀rọ̀ lásán, ni mo ní kó jẹ́, TEXT! Ẹ gbé e kúrò níwájú mi jàre.