Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló máa jẹ́ kí ọmọ yín jáwọ́ nínú igbó mímu o

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta òògùn olóró àtàwọn tó ń lò ó bá ti jáde, ohun kan náà lẹ máa ń gbọ́: "Ẹ yìnbọn pa méjì mẹ́ta nínú wọn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọn ò ní sinmi." Àwọn míì á ní tí ìjọba bá fi lè sọ pé ẹni tó ń lo òògùn olóró ò ní ṣẹ̀wọ̀n mọ́, ó tán nìyẹn, gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa di amugbó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọmọ ló ń bà wọ́n, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti dán ìbọn yẹn wò ní Nàìjíríà wa níbí.

Ọdún 1966 làwọn sójà ṣòfin igbó: ẹni tó bá gbìn ín, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ó di 1984, Buhari àti Idiagbon gbé Decree 20 jáde, wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣòwò kókéènì tàbí heroin, ìbọn ni. April 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta l'Ékòó, kò sẹ́ni tó ju ọmọ 30 ọdún lọ nínú wọn, èyí tó tún wá burú jù ni pé òfin yẹn ń padà sẹ́yìn lọ mú ẹni tó ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é rárá. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Ṣé ó wá tán? Tán kẹ̀! Babangida sọ ìbọn yẹn di ẹ̀wọ̀n gbére ní 1986, wọ́n dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti òògùn olóró, sílẹ̀ ní 1989, àwọn tó ń gbé òògùn náà ń pọ̀ sí i, nígbà tó fi máa di 1994 Amẹ́ríkà ti kọ orúkọ wa mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ò ṣe dáadáa lórí ọ̀rọ̀ òògùn olóró.

Ká wá bọ́ sí ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe kárí Nàìjíríà ní 2018. Èèyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo òògùn kan tàbí òmíràn nílòkulò láàárín ọdún kan, ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ti gbogbo ayé ò sì ju 5.6 lọ. Ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, la ti gbégbá orókè, 22.4. Èkó nìkan, 33. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ìyà ò tíì tó, ṣé ẹ mọ̀ pé òfin NDLEA tó wà nílẹ̀ báyìí ní ẹni tí wọ́n bá ká kókéènì mọ́ lọ́wọ́, tàbí tó lò ó, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni? Ọdún 15 o! Igbó ṣì ń rùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ládùúgbò yín.

Ọmọ tó ń fà á ò mọ nọ́ńbà òfin kankan. Ohun tó mọ̀ ni réèdì: mọ́tò á dé lálẹ́, wọ́n á kó gbogbo ẹni tó jókòó ní jọ́ǹtì, tó fi mọ́ ẹni tó kàn wá ra sìgá, kílẹ̀ tó mọ́ ẹni tí bàbá ẹ̀ lówó ti délé, béèlì tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni yẹn sha. Ẹni tí ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́ ló máa kù síbẹ̀, tó bá dé ọgbà ẹ̀wọ̀n àárín àwọn ọ̀daràn gidi ló bọ́ sí, tó bá jáde ọ̀gá ẹ̀ ò gbà á síṣẹ́ mọ́, àwọn ará jọ́ǹtì nìkan ló máa kí i káàbọ̀.

Portugal, ní Yúróòpù, tí wọ́n ti yọ ẹ̀wọ̀n kúrò fún ẹni tó ń lò ó, ńkọ́? Àwọn kan rò pé wọ́n ń ta kókéènì níbẹ̀ bíi mínírà. Irọ́ ni. Ṣé ẹ rí i, kí ọdún 2000 tó dé, heroin ti bá wọn fínra débi tí wọ́n fi fojú bù ú pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lò ó, wọ́n ń gúnra wọn lábẹ́rẹ́ lójútáyé ní Casal Ventoso, ní Lisbon, kòkòrò éèdì sì ń ràn. July 2001 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń tà á ṣì ń ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n tí èyí tí wọ́n ká mọ́ ẹ lọ́wọ́ ò bá ju ohun tí ẹnì kan lè lò fún ọjọ́ 10, bíi gíráàmù 25 tó bá jẹ́ igbó, gíráàmù 1 tó bá jẹ́ heroin, ọlọ́pàá á gbà á, á ní kó o lọ fojú hàn níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Kò sí adájọ́, kò sí wíìgì. Ẹnì kan tó mọ òfin, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ nípa ìlera tàbí ìgbé ayé ẹ̀dá, ẹ jọ máa jókòó ni, wọ́n á bi ẹ́ pé ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́, ṣé o ṣì ń rí iṣẹ́ ṣe. Tí kò bá tíì di bárakú, tó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, wàá máa lọ sílé. Tó bá ti di bárakú, wọ́n á júwe ibi ìtọ́jú fún ẹ. Gbogbo ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ wọn ò ya wèrè. Àwọn tó ń kó HIV látara abẹ́rẹ́ òògùn, tí wọ́n ju ẹgbẹ̀rún lọ lọ́dún nígbà yẹn, ti wálẹ̀ di perete, iye tí òògùn olóró ń pa níbẹ̀ sì wà lára èyí tó kéré jù ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á pariwo Oregon, ìpínlẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò fún ẹni tó ń lò ó ní February 2021, wọ́n dá a padà ní September 2024. Àmọ́ owó ìtọ́jú ò tètè dé ọwọ́ àwọn tó yẹ kó dé, ìwé owó ìtanràn tí wọ́n ń fún èèyàn, púpọ̀ nínú wọn ò kà á sí, fentanyl, òògùn kan tó le ju heroin lọ, tún ya wọ̀lú lásìkò yẹn gan-an.

Tiwa wá dà? Ìwádìí 2018 yẹn náà ní nínú ẹni márùn-ún tó ń lò ó, ó ti di àìsàn fún ẹnì kan. Ìyá onítọ̀hún á sáré lọ sí Àrò tàbí Yábàá, tí kò bá ráyè tàbí tí kò rówó, ó di ilé àdúrà tí wọ́n á ti fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́lẹ̀. Àwọn aṣòfin àgbà wá dìbò ní May 2024 pé ikú ni kí wọ́n máa dá fún àwọn tó ń ṣòwò òògùn olóró, bíi pé kò sẹ́ni tó rántí 1985 nínú wọn. Ẹni tó ń tà á, ẹ mú un, mi ò bá yín wí. Ẹni tó ń lò ó ni mo ní kẹ́ ẹ yọ kúrò nínú ọdún 15 yẹn, owó tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi bọ́ ọ lẹ́wọ̀n, ẹ fi ra bẹ́ẹ̀dì sí Àrò.