Orin kọ́ ló pa DaGrin, tírélà ni

Mo jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ìdí-Orò lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí mi dé ìdajì, ni rédíò bá gbé "Pon Pon Pon" sáfẹ́fẹ́, orin DaGrin, ọmọ ráàpù tó kú ní 2010. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn kan ń bá a kọ ọ́. Orin ò tíì parí tí ẹ̀gbọ́n kan tó ń dúró de àyè fi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ yẹn ti mọ̀ pé òun máa kú o. Ṣé ẹ ò gbọ́ orin tó kọ sílẹ̀ kó tó lọ ni?" Ni gbogbo ilé bá ń mi orí. Ẹnì kan ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu! Àfọ̀ṣẹ ni." Ọmọkùnrin tó ń gẹ irun mi, tí kò lè tíì ju ọmọ jéléósinmi lọ nígbà tí DaGrin kú, dá ẹ̀rọ dúró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe rí ìran ikú ara rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ojú ẹ̀ ló ṣe.

Nítorí pé abẹ ṣì wà nítòsí etí mi, mo dákẹ́. Ibí yìí ni mo ti máa sọ tèmi.

Láti 2010 ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, ó sì ti sú mi. Wọ́n ní DaGrin kọ orin "If I Die", ó kú, nítorí náà ó mọ̀. Àwọn mìíràn ní kò mọ̀ rárá, pé òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú, ikú sì jẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n ní ẹ̀rí, orin yẹn náà ni wọ́n tún máa tọ́ka sí. Wọ́n á ní àwọn àgbà ló sọ pé ẹnu ẹni kì í ṣe nǹkan eré. Ó dáa. Àwọn àgbà yẹn náà ló ń sọ pé tí ìyá tírà bá wà lọ́rùn, ọta ìbọn ò ní wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdájí ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ọdún 2010, DaGrin ń wakọ̀ lọ sílé. Ní Alákàrà, ní Múṣin níbí, ọkọ̀ rẹ̀ lọ forí sọ ẹ̀yìn tírélà kan tó dúró sójú títì. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 22 oṣù náà, ó sì kú. Ọjọ́ 30 ni wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Àtàn ní Yábàá, àwọn ọmọ ìta sì tú jáde lọ sin ọba wọn. Ẹ wo gbogbo rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ fi ìka hàn mí ibi tí orin ti wọ̀ ọ́.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú orin yẹn, torí mo ti bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Fún ọdún mélòó kan, èmi ni mò ń tẹ kọ̀ǹpútà ní stúdíò kótópó kan ní Ṣómólú, yàrá kan péré tá a fi fóòmù ibùsùn àlòkù lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń bá wa gbe gbogbo orin. Kò sí ọmọ ráàpù tó wọ ibẹ̀ tí kò ní orin owó, orin ọmọge, orin tí yóò fi bú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, àti orin ikú. Orin ikú yẹn kì í yẹ̀. Wọ́n á ní kí n dín ìlù kù, kí n gbé dùùrù wọlé, kí n fi agogo ṣọ́ọ̀ṣì sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n á paná yàrá kí ara wọn lè balẹ̀. Wọ́n á ki màmá wọn, wọ́n á dárí ji ọ̀tá, wọ́n á pín bàtà wọn fún ọ̀rẹ́. Mo rántí ọ̀kan tó kú lẹ́ẹ̀mejì nínú orin kan ṣoṣo, nítorí ó gbàgbé pé òun ti kú ní ẹsẹ kìíní. Ìyẹn ń ta fóònù ní Computer Village báyìí, ó ti yọkùn. Òmíràn ń wa Bolt. Òmíràn ti di pásítọ̀ ní Ìkòròdú, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rán òun létí pé òun gbá máìkì mú rí. Kò sẹ́ni tó máa pe ìwọ̀nyẹn ní wòlíì, torí pé wọ́n ń jẹ ẹ̀bà.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn yìí wà. Ẹni tó kọrin ikú tó kú, a kà á. Ẹni tó kọrin ikú tí kò kú, a ò tilẹ̀ rántí pé ó kọ ọ́.

Ẹ tún wo òkè òkun tí ráàpù ti wá. Ice Cube pe odindi álíbọ́ọ̀mù ní "Death Certificate" ní 1991. Ó ṣì wà láàyè, irun ẹ̀ ti funfun. 50 Cent pe tiẹ̀ ní "Get Rich or Die Tryin'" ní 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ní 2000. Ó wá sí Nàìjíríà níbí ní 2004, ó ṣeré, ó padà sílé, ó sì ń bá gbogbo ayé jà lórí ayélujára títí di òní. Bone Thugs-N-Harmony gbé orin òkú dé ipò kìíní lórí àtẹ Billboard ní 1996. Àwọn tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè.

Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ sọ Tupac àti Biggie, àwọn ọmọ ráàpù Amẹ́ríkà méjì tí wọ́n yìnbọn pa. Gbogbo wọn ló máa ń sọ ọ́, bí ẹni pé àwọn ló kọ́kọ́ rò ó. Lóòótọ́ ni Biggie pe àwo rẹ̀ ní "Ready to Die" ní 1994, tí "Life After Death" sì jáde lọ́jọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí wọ́n pa á ní oṣù Kẹta 1997. Ṣùgbọ́n èèyàn ló di ìbọn mú. Wọ́n ti yìnbọn fún Tupac ní New York ní 1994, ó yè é, kí wọ́n tó wá pa á ní Las Vegas ní 1996. Ẹni tí ìbọn ti bà rí tó wá ń kọrin nípa ìbọn, ṣé ó nílò ọ̀pẹ̀lẹ̀ láti mọ̀ pé ayé òun léwu?

Àwa náà ńkọ́? Ìyá wo ló wà ní Èkó yìí tí kì í sọ pé "tí mo bá kú, ẹ máa mọ̀ pé ẹ ní ìyá"? Ìyá mi ń sọ ọ́ tá ò bá ti fọ abọ́. Ó sọ ọ́ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Àwọn olórin jùjú ti kọrin ìdárò ju iye tí èèyàn lè kà lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì darúgbó kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọ̀rọ̀ ikú kò ṣàjèèjì lẹ́nu Yorùbá. Ó lè jẹ́ pé ọkàn DaGrin wúwo lọ́jọ́ tó kọ ọ́, n ò ní jiyàn ìyẹn. Ọkàn ta ni kì í wúwo?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni tírélà yẹn. Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ, tírélà ni kì í sí níbẹ̀. Orin wà níbẹ̀, ìran wà níbẹ̀, àwọn kan tún ti fi ẹgbẹ́ òkùnkùn kún un. Irin ńlá tó dúró sójú ọ̀nà lóru ti pòórá. Ẹni tó bá ń gbé etí Agége Motor Road mọ̀ wọ́n. Tó bá ti di òru, wọ́n á dúró síbi tó bá wù wọ́n. Iná ẹ̀yìn ò tàn. Iná títì ò tàn. Tí táyà bá fọ́, dípò kí wọ́n gbé síkọ́ṣọ̀n sílẹ̀, wọ́n á já ewé tútù sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ewé tí kò sẹ́ni tó lè rí i àfi tó bá ti dé orí ẹ̀. Dírébà á wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń sùn. Ìwọ tó ń bọ̀ látinú iná Òṣòdì, ojú rẹ ò tíì mọ òkùnkùn lára, o kàn máa rí i pé ọ̀nà ti tán ni.

Àbúrò mi ọkùnrin forí sọ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lọ́nà Ìsọlọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ́ síbi méjì, irin sì wà nínú ẹ̀ di báyìí. Kò kọrin rí láyé ẹ̀, kódà nílé ìjọsìn ẹnu lásán ló máa ń mì. Orin wo ló pe ti tiẹ̀? Nígbà tá a dé ọsibítù, ìbéèrè tí ìyá kan kọ́kọ́ bi wá ni pé ta ni ọmọ náà bá jà. A ò rí dírébà tírélà yẹn mú. Ṣebí bó ṣe máa ń rí nìyẹn: tá a bá ti rí ayé tàbí àfọ̀ṣẹ dì mọ́, kò sẹ́ni tó tún máa béèrè ẹni tó páàkì síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí rọ àwọn tó ni tírélà lọ́rùn gan-an.

Nígbà tí MohBad kú ní oṣù Kẹsàn-án 2023, wọn ò tíì sin ín tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú orin ẹ̀ wò, wọ́n ń fa ìlà kan yọ níbí, ìlà kan lọ́hùn-ún, "ẹ wò ó, ó ti sọ ọ́!" Mo mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Olórin tó bá tún kú lọ́la, wọ́n á rí ti ìyẹn náà fà yọ.

Tó bá jẹ́ pé ohun tí DaGrin bá ti kọ ló máa ń ṣẹ, ẹ ṣírò ìyókù fún mi. Ó kọrin owó jù bó ṣe kọrin ikú lọ. "C.E.O." tó jáde ní 2009, ọ̀gá pátápátá àwọn ọmọ ìta ló fi ara ẹ̀ jẹ níbẹ̀, inú àwo yẹn sì kún fún ohun tó fẹ́ fi ayé ẹ̀ ṣe. Òun àti Omawumi kọ "Thank God", ọpẹ́ ni látòkè délẹ̀. Ó bá YQ ṣe "Efimile", ijó ni. "Kondo" ńkọ́? Kí ló dé tí ìwọ̀nyẹn ò di àfọ̀ṣẹ? Ọ̀kan péré ló ṣẹ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, ó wá jẹ́ èyí tó máa ṣẹ lé gbogbo ọmọ Ádámù lórí bí wọn ò tilẹ̀ kọrin.

Iṣẹ́ ló ṣe, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti Alágbàdo wá, tó ń fi Yorùbá ìta ṣe ráàpù nígbà tí àwọn ilé rédíò ṣì ń wá ẹni tó máa fi imú sọ Òyìnbó. Lord of Ajasa ti ń la ọ̀nà yẹn ṣíwájú ẹ̀, ṣùgbọ́n DaGrin ló gbé e dé ibi tí ọmọ Lẹ́kkì náà ti ń jó o. "C.E.O." gba àmì ẹ̀yẹ Hip Hop World fún àwo ráàpù tó dára jù ní 2010. Àwo mìíràn wà ṣáájú ẹ̀, "Still on the Matter", ó ti jáde láti 2006, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tà. Mo bi ẹ̀gbọ́n tó wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ yẹn léèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé abẹ kúrò létí mi. Kò gbọ́ ọ rí.